Òkúta Mẹ́rin Inú Rédíò Dáà

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé báyìí, kí ọyẹ́ tó la ètè ẹnikẹ́ni, rédíò á ti bẹ̀rẹ̀ orin ọdún. Ní ṣọ́ọ̀bù mi létí ọ̀sà ní Àgbádárìgì, rédíò kan wà tí mo so mọ́ òpó, kì í dákẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ rédíò yẹn. Èmi ni mo ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Mi ò sọ pé mo wà lára àwọn tó ń tún un ṣe o. Mo ní èmi ni. Láti ibí títí dé etí ààlà, ẹ́ńjìnnì tí ọwọ́ mi bá ti kàn, tó bá tún kọ̀ tí kò jí, ẹ lọ fi ṣe ìdákọ̀ró, irin lásán ni. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, kò pé kẹrin, ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé títí ojú wọn fi ń lo awò ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú mi, wọ́n ń pè mí ní ọ̀gá. Ọwọ́ ara mi náà ni mo fi ń kọ èyí tí ẹ ń kà yìí. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bá ń ṣiṣẹ́, a kì í béèrè ìdí tí ọ̀dà ara rẹ̀ fi bó.

Orin kan wà láàárín àwọn orin ọdún wọ̀nyẹn. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, mi ò sì mọ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn ọmọdé ló ń kọ ọ́, ohùn wọn jìnnà bí ẹni pé inú àmù ni wọ́n dúró sí, dùùrù kan sì ń tẹ̀lé wọn, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ àyà, tí wọ́n ń fà gùn tí wọ́n sì ń fún pọ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, màá ní gíríìsì ti kún ọwọ́ mi, màá sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, màá máa fọ ọwọ́ títí orin á fi tán. Àwọn oníbàárà mi rò pé ìmọ́tótó ni. Ìyàwó mi pàápàá rò bẹ́ẹ̀. Ọdún yìí, ìyàwó mi ti lọ sí Kánádà láti wẹ ọmọ tí ọmọ wa obìnrin bí, ọmọkùnrin wa wà ní Àbújá, èmi nìkan ni mo wà nínú ilé mi ní Mowo. Yàrá mẹ́jọ ni mo kọ́ síbẹ̀, kì í ṣe ilé tí wọ́n yá ẹnikẹ́ni lówó kọ́. Ṣùgbọ́n yàrá mẹ́jọ pọ̀ fún ènìyàn kan. Tí mo bá tan rédíò ní pálọ̀, ohùn rẹ̀ máa ń lọ káàkiri, á kan ògiri, á padà wá bá mi bí ẹni tó wá nǹkan tí kò rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnì kankan rí.

Ní Gberefu ni wọ́n bí mi, lórí iyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Ẹni tí kò bá gbé ibẹ̀ rí kò lè mọ bí etí ọmọ ibẹ̀ ṣe rí. Òkun ń lu iyanrìn lẹ́yìn ilé ní gbogbo ìgbà bí ẹni ń gún iyán tí kò jinná. Níwájú, ọ̀sà kì í sọ̀rọ̀, àfi bí àjẹ̀ bá kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Láàárín méjèèjì ni ariwo agboolé wa wà: imọ̀ àgbọn tó ń fara gbo ara wọn, ìyá mi tó ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹja, Sènámi àbúrò mi tó ń sunkún nítorí pé mo wò ó, àti Ìyá Àgbà tó ń rin àgbọn lára irin, ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ohùn yẹn ló máa ń jí mi. Gàrí àti àgbọn la fi ń jí, ẹja yíyan á wà níbẹ̀ tí òkun bá gbà. Èmi ni mo ń gbẹ́ kòtò omi nínú iyanrìn tí mo sì ń dúró dè é kó tòrò kí n tó bù ú sínú garawa. Èmi náà ni mo ń ṣa èpo àgbọn fún ìyá mi láti fi yan ẹja. Bí ẹ bá rí ọwọ́ mi lónìí, ẹ má rò pé irin nìkan ló sọ ọ́ di báyìí.

Ìyá mi jẹ́ ọmọ Àwórì láti ọ̀nà Òjó, òun ló gbé Yorùbá wọ agboolé yẹn. Ègùn ni gbogbo ìyókù ń sọ. Ìyá Àgbà, tó bí bàbá mi, máa ń sọ Yorùbá tirẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí iyanrìn gbígbóná: á gbé ọ̀rọ̀ kan, á dúró, á gbé òmíràn. Àgósì lorúkọ rẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ ló fi jáde sáyé. Obìnrin kékeré ni, mo ti ga jù ú lọ kí eyín mi tó pé, ṣùgbọ́n bó bá pe ènìyàn láti ilé, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lórí ọ̀sà á dáhùn. Ó ní kò sí ohun tó burú bí kí wọ́n kí ènìyàn kí ó má dáhùn. Ó tiẹ̀ ń dá rédíò lóhùn. Bí obìnrin inú rédíò bá ní ẹ káàárọ̀, Ìyá Àgbà á fi irin tó fi ń rin àgbọn sílẹ̀, á nu ọwọ́, á kí i padà ní Ègùn, á sì béèrè ọmọ rẹ̀. A máa ń rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa ro wá. Á ní, “Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ohùn tó bá wọlé ẹni, àlejò ni. A kì í jẹ́ kí àlejò máa dá sọ̀rọ̀.”

Rédíò yẹn, bàbá mi ló ni ín. Dáà la ń pe bàbá mi. Kò tóbi ju búlọ́ọ̀kù ọṣẹ méjì lọ, ó ní awọ lára, òkúta mẹ́rin ló ń jẹ, èyí tí ẹ̀yin ń pè ní bátìrì. Nígbà tí ẹja wọ́n, tí àwọn ọkùnrin ilé wa ń lọ pẹja ní Gàbọ́ọ̀nù, Dáà náà lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ, ó pè mí sídìí ọkọ̀.

“Sèwánú, ta ló ni rédíò yìí?”

“Ẹ̀yin ni, Dáà.”

“Bí mo bá ti lọ ńkọ́?”

Mo wo ẹsẹ̀ mi.

“Ìyá mi ló ni ín. Ìwọ lo máa máa tọ́jú òkúta rẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi? Ìyá mi ló ni ín.”

Ẹ wò ó, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìdajì ni mo gbé délé. “Ìwọ” ni mo gbé, mo gbàgbé “ìyá mi” sídìí ọkọ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo Gberefu ti mọ̀ pé wọ́n ti fi rédíò jíǹkí èmi Sèwánú, mo ń ṣe bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Iṣẹ́ òkúta rédíò kì í ṣe iṣẹ́ kékeré nígbà náà. Ọkọ̀ ni wọ́n ń wọ̀ kọjá sí Àgbádárìgì kí wọ́n tó rí tuntun rà, nítorí náà, a kì í jẹ́ kí ti tẹ́lẹ̀ kú. Bí ohùn rédíò bá ti ń di ti ẹ̀fọn, a ó yọ òkúta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ó tò wọ́n sórí páànù ilé ẹja, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja ṣáwá tí à ń sá, kí oòrùn lù wọ́n. Ìyá Àgbà ló kọ́ mi. Tí ọ̀sán bá yẹ̀, á ní kí n kó wọn wálẹ̀, á fi aṣọ wé wọn, ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ẹyin. Wọ́n á tún sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Ní ìparí ọdún yẹn, ọkùnrin apẹja kan dé láti Gàbọ́ọ̀nù, ó jíṣẹ́ Dáà fún wa. Ó ní Dáà ti kọ̀wé sí rédíò òdìkejì ààlà, àwọn tó máa ń ka ìkíni àwọn tó wà lájò lọ́sàn-án ọjọ́ Kérésì, tí wọ́n á sì lu orin kan sí ìdí ìkíni kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí a tẹ́tí. Ìyá Àgbà bi ọkùnrin yẹn léèrè lẹ́ẹ̀mẹta.

“Orúkọ mi, wọ́n á pè é jáde?”

“Wọ́n á pè é, Ìyá.”

“Láti inú rédíò yìí?”

“Láti inú rẹ̀.”

“Ẹni tó wà ní Kùtọnú á gbọ́?”

“Ẹni tó wà ní Kùtọnú á gbọ́ kí ẹ̀yin tó gbọ́.”

Ìyá Àgbà dìde, ó wọlé. Nígbà tó jáde, ó ti wé gèlè, bí ẹni pé ọjọ́ ti pé. Ìyá mi ní, “Ìyá, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.” Ó ní, “Mo mọ̀. Mo ń wò ó bóyá ó ṣì bá mi mu ni.” Ó pa àṣẹ fún mi pé kí n má tan rédíò mọ́ títí di ọjọ́ yẹn, kí agbára òkúta má bàa tán. Mo ní mo ti gbọ́. Mo tiẹ̀ fọwọ́ sọ àyà.

Kòfí ló kó bá mi. Rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ẹnu mi ló kó bá mi. Bàbá Kòfí, tó ń ṣọ́ oko àgbọn lápá ìsàlẹ̀, ní rédíò ńlá kan tó ń tanná pupa, Kòfí kò sì jẹ́ kí a gbádùn létí òkun.

“Tiyín kéré bí àpótí ìṣáná.”

“Àpótí ìṣáná ló ń jó ilé.”

“Gbé e wá, kí a gbọ́.”

Ìgbà tí Ìyá Àgbà bá sọdá lọ ta ẹja, màá fi aṣọ bo rédíò, màá gbé e lọ sẹ́yìn ilé, sétí òkun. Orin ọdún ti kún inú rẹ̀ nígbà náà, orin Ègùn, orin Faransé, orin Yorùbá, orin òyìnbó, agogo ń dún nínú wọn. Màá gbé ohùn rẹ̀ sókè kí ó lè borí òkun, nítorí pé òkun kò bọ̀wọ̀ fún orin ẹnì kankan. Àwọn ọmọ á yí mi ká. Mo jókòó láàárín wọn bí ọba, mo ń sọ pé Dáà mi á pe orúkọ mi nínú rédíò yìí, kí gbogbo yín máa mú omi sínú garawa de ọjọ́ náà láti fi pa iná ìlara. Ọjọ́ mélòó ni mo ṣe bẹ́ẹ̀? Mi ò kà á. Nígbà tó ku ọ̀la Kérésì, obìnrin inú rédíò ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu.

Ẹ̀rù bà mí. Mi ò lè tò wọ́n sórí páànù, Ìyá Àgbà á rí i, á béèrè ohun tó jẹ wọ́n. Ni mo bá fọgbọ́n ara mi ṣe é. Mo sọ fún Kòfí pé iyanrìn etí òkun lọ́sàn-án gbóná ju páànù lọ, ó ń ta ẹsẹ̀ bí iná, bí a bá ri òkúta mọ́ inú rẹ̀ á jí ju tuntun lọ. Mo gbẹ́ ihò, mo to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, mo bò ó, mo fi èpo àgbọn sàmì sí i. A lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òkun, ẹ ti mọ ìyókù. Nígbà tí mo máa padà, omi òkun ti kún dé ibẹ̀, èpo àgbọn tí mo fi sàmì ń léfòó lọ níwájú mi. Mo walẹ̀ bí ajá. Mo rí wọn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, omi iyọ̀ ti rin wọ́n, ìwé ara wọn ti ń bó. Mo nù wọ́n pẹ̀lú ẹ̀wù mi, mo fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí wọn, mo kó wọn padà sínú rédíò, mo gbé e sórí tábìlì, mo fi aṣọ Ìyá Àgbà bò ó gẹ́gẹ́ bó ṣe bò ó. Ọmọ ìlú tí omi yí ká nìkan ló lè sin òkúta rédíò sétí òkun, kó tún máa yangàn lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Kérésì, ọ̀pọ̀ ará ìlú ti wọ ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Àgbádárìgì, wọ́n á sì jẹ ọdún lọ́hùn-ún. Ilé wa kò lọ. Ìyá mi se ìrẹsì tó fi omi àgbọn sè, òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lórí omi. Ìyá Àgbà fi òróró àgbọn pa ojú, ó wọ aṣọ tó wọ̀ níbi ìsìnkú ọkọ rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí níwájú rédíò bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Kò jẹun. Ó ní ènìyàn kì í jẹun lọ́wọ́ kí wọ́n máa pè é. Ìyá mi fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún mi, torí èmi ni olùtọ́jú rédíò. Mo yí i.

Ó sọ̀rọ̀. Ẹ ò mọ bí ọkàn mi ṣe balẹ̀ tó. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀. Obìnrin náà ń ka ìkíni ní Ègùn, ó ń lu orin, ó tún ń ka òmíràn: ẹni tó wà ní Àbíjàn, ẹni tó wà ní Dúálà. Ìyá Àgbà ń bá àwọn tí wọ́n kí dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Lẹ́yìn náà, obìnrin yẹn ní ìkíni tó kàn ti Gàbọ́ọ̀nù wá. Ìyá mi di ọwọ́ Sènámi mú. Ìyá Àgbà fi orí sún mọ́ rédíò. Ohùn náà fà gùn, ó rọ, ó kú.

Mo gbá a lẹ́yìn. Mo yọ òkúta, mo tún wọn tò. Kò sí. Ìyá Àgbà kò wò mí, rédíò ló ń wò. Ó ní, “Àlejò náà ti lọ?” Mo bẹ́ jáde.

Láti ilé wa dé ọ̀dọ̀ Bàbá Kòfí, iyanrìn ni, ẹni tó ń sáré lórí iyanrìn dà bí ẹni tó ń sáré lójú àlá. Kí n tó débẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ rédíò ńlá náà láàárín igi àgbọn. Àwọn ọmọdé ń kọrin, bí ẹni pé inú àmù ni wọ́n wà, dùùrù kan ń tẹ̀lé wọn. Bàbá Kòfí àti àlejò rẹ̀ méjì ń mu sódabì, ògógóró òdìkejì ààlà, wọ́n ń jà lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀n kan tó ya.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ta ni wọ́n kí?”

“Ta ni wọ́n kí níbo?”

“Nínú rédíò. Èyí tó ti Gàbọ́ọ̀nù wá. Ṣáájú orin yìí.”

Ó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. “Ṣé ẹ gbọ́ orúkọ kankan?”

Ọ̀kan ní, “Àwọ̀n mi tó ya nìkan ni mò ń gbọ́.”

Bàbá Kòfí ní, “Wọ́n kí àwọn èèyàn, ọmọ mi. Lọ jẹ ìrẹsì.”

Mo dúró gbọ́ orin náà tán. Mo rò pé bí ó bá parí, wọ́n lè tún orúkọ náà pè. Wọn ò pè é. Ìkíni ẹlòmíràn ló tẹ̀ lé e.

Lójú ọ̀nà ni mo ti kọ́ irọ́ náà, mo sì kọ́ ọ dáadáa, nítorí pé ọwọ́ mi kì í ṣe nǹkan tán kó má gún. Nígbà tí mo wọlé, mo ń mí gúlegúle. Mo ní, “Mo gbọ́ ọ! Dáà ni! Ó ní ẹ kí Sèwánú ọmọ òun, akọni tó ń tọ́jú rédíò. Ó ní ẹ kí Ìyá Sèwánú. Ó ní ẹ kí Sènámi, kó má sunkún mọ́. Ó ní ẹja ń bọ̀ dáadáa, òun ń bọ̀ wálé.” Sènámi ń fò sókè. Ìyá mi fi ìbòrí bojú. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan nísàlẹ̀, kì í ṣe ohùn tó ń dé orí ọ̀sà.

“Èmi ńkọ́?”

Mo yíjú. Ó ṣì jókòó sórí àpótí, nínú aṣọ yẹn, òróró ń dán lójú rẹ̀.

“Wọ́n... ó kí yín, Ìyá Àgbà. Ó kí yín náà.”

“Lẹ́yìn Sènámi?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

Ó mi orí. “Ó dára. Ọ̀nà rẹ̀ jìn.” Ó dìde, ó tú gèlè, ó ká a sí mẹ́rin. Ó wá jókòó sídìí irin rẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rin àgbọn, lọ́jọ́ ọdún, tí kò sí ẹni tó nílò àgbọn mọ́.

Ní ilẹ̀ wa, ọmọ kì í kí ilé kó má ti orí ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì já lẹ́nu ọmú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní mo bẹ̀rẹ̀ irọ́ mi láti ibi tó yẹ ni, ì bá dùn mọ́ ọn títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n orúkọ ara mi ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu. Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá Àgbà kò dá rédíò lóhùn mọ́. Ìyá mi ra òkúta tuntun nígbà tí ọdún yí, rédíò ń kí wa láàárọ̀, kò sí ẹni tó dáhùn. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, Ìyá Àgbà rẹ̀wẹ̀sì, ó dùbúlẹ̀, kò dìde.

Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni Dáà dé. Ó sunkún lórí sàréè títí, nígbà tó wọlé, ó jókòó sórí àpótí tí Ìyá Àgbà jókòó sí lọ́jọ́ Kérésì, ó wo rédíò.

Ó ní, “Ṣé ó gbọ́ orúkọ rẹ̀ ṣá?”

Ìyá mi ní, “Orúkọ ta ni, Bàbá Sèwánú?”

“Orúkọ Ìyá. Àwọn ará rédíò ní orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni kí olúkúlùkù kọ, kí àyè lè gba gbogbo ayé. Ti Ìyá ni mo kọ. Ìyá Àgósì, ní Gberefu. Ẹ̀yin á ṣáà dárí jì mí.”

Òkun ń lu iyanrìn lẹ́yìn ilé. Ìyá mi yí ojú sí mi, díẹ̀díẹ̀.

Mo ní, “Ìyá Àgbà gbọ́ ọ, Dáà.”

“Orin wo ni wọ́n lù sí i?”

Mo fi imú kùn ún fún un. Àwọn ọmọdé inú àmù, dùùrù tó ń fà gùn. Dáà fi ọwọ́ bojú. Ó ní, “Òun ni. Òun gan-an ni mo ní kí wọ́n lù.” Ó sì gba irọ́ náà, nítorí pé orin jẹ́ òtítọ́. Ìyá mi dìde, ó ní omi wíwẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ó dìrọ̀lẹ́ kí ó tó bá mi lẹ́yìn ilé ẹja. Kò nà mí. Ó ní, “Nígbà tí Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀, ó ń bi mí léèrè ohun tí òun ṣe tó dun ọmọ òun. Mo ní mi ò mọ̀. Ní báyìí, mo ti mọ̀.” Ó bu omi pa iná ẹja, ó wọlé, kò sì tún dárúkọ ọ̀rọ̀ yẹn títí ọlọ́jọ́ fi dé bá òun àti Dáà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti ju ogún lọ dáadáa. Òtítọ́ kò bá a. Ó jọ pé iyanrìn lòun náà ń sáré lórí rẹ̀. Èmi ni mo rò ó lọ́dún yìí, nínú yàrá mẹ́jọ, pé kí n dúró dè é. Ìyàwó mi pè láti Kánádà, ó ní, “Ṣé ẹ ti jẹun?” Mo ní mo ti jẹun. Gàrí àti àgbọn ni mo mu. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, rédíò wa níbí ń kéde pé ẹni tó bá fẹ́ kí èèyàn rẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì, kó pe àwọn. Mo pè. Ọmọbìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ dùn.

“Ta lẹ fẹ́ kí, Dádì?”

“Ìyá Àgósì, ní Gberefu.”

“Ẹlòmíràn ńkọ́? Ìyàwó? Àwọn ọmọ? Àyè ṣì wà.”

“Àwọn nìkan.”

“Orin ńkọ́?”

Mo fi imú kùn ún fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní orin àtijọ́ nìyẹn, òun á wá a. Ó ní, “Látọ̀dọ̀ ta ni ká sọ?”

Ẹ mọ̀ mí. Orúkọ mi wà lára ṣọ́ọ̀bù, ó wà lára géètì, ó wà lára ọkọ̀ méjì tó ń ná ọ̀sà. Mo gbé fóònù mọ́ etí, títí ọmọ náà fi ní, “Ẹ ẹ́, Dádì, ṣé ẹ wà níbẹ̀?”

Mo ní, “Látọ̀dọ̀ ọmọ wọn, tó wà ní Gàbọ́ọ̀nù.”

Lọ́sàn-án Kérésì, mo ra òkúta tuntun mẹ́rin sínú rédíò mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ni mo fi ń lò ó nílé, mo wa ọkọ̀ mi sọdá sí Gberefu. Agboolé wa ti di igi àgbọn mẹ́ta àti sàréè tí mo fi sìmẹ́ńtì tẹ́. Mo jókòó sórí ọkọ̀ ògbólógbòó kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, mo gbé rédíò lé ìdí sàréè. Wọ́n kí ẹni tó wà ní Èkó, wọ́n kí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin yẹn pè é, ó pè é ketekete: Ìyá Àgósì, ní Gberefu, ọmọ yín tó wà ní Gàbọ́ọ̀nù ní ẹ kú ọdún. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ orin. Mi ò lọ fọ ọwọ́.

Obìnrin kan tó ru àgbọn ń kọjá. Ó dúró, ó wò mí, ó wo rédíò. Ó ní, “Bàbá, ṣé ẹ mọ ẹni tí wọ́n ń kí yẹn? Ilé wọn dà níbí?”

Mo ní, “Ibí ni.”

“Wọ́n ò dáhùn?”

Mo pa ohùn rédíò kù díẹ̀, mo nu ọwọ́ mi mọ́ ṣòkòtò. Ohùn mi kò dé orí ọ̀sà bí ti Ìyá Àgbà, ṣùgbọ́n mo gbé e sókè títí dé ibi tó lè dé, mo kí ọmọbìnrin inú rédíò náà padà ní Ègùn, mo sì béèrè ọmọ rẹ̀.